"Kò Ní Rántí": Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tó Ń Fún Ni Lábẹ́rẹ́ Oorun ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin dókítà mi, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Mo mọ ohun tí mo ń kí yín fún, torí ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wú nínú bàtà bó bá di aago méjì òru tí wọ́n tún ń gbé aboyún kẹta bọ̀. Mo mọ bí àyà ṣe ń já bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè dáhùn. Ẹ má ka lẹ́tà yìí bíi ti ẹni tó dúró lókèèrè tó ń sọ òkò sọ́jà. Ará ilé yín ni mí.

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí gbólóhùn kan tí gbogbo wa máa ń sọ. Ẹ̀yin ń sọ ọ́, èmi náà sọ ọ́ títí mo fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́: "Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá, kò ní rántí nǹkan kan."

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo jókòó síwájú ilé wa nítòsí Òkèsà, mo ń ṣa òkúta kúrò lára ẹ̀wà. Ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méje, ń fi igi yí táyà kiri ojúde. Ọkùnrin kan ń ti ọmọlanke bọ̀ láti ọ̀nà ọjà Àtàkúnmọ̀sà, ó kó kẹ́ẹ̀gì omi sínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọlanke náà kan ti gbẹ, kò rí gírísì fún ìgbà pípẹ́, ó ń ké: kíìn, kíìn, kíìn. Mo gbọ́ ọ, n kò kà á sí. Ta ní ń ka igbe ọmọlanke sí ní Iléṣà?

Ọmọ náà dúró. Kò sá, kò ké. Ó kàn dúró gbagidi, táyà rẹ̀ sì dá yí lọ títí ó fi já sí gọ́tà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ di apá òsì mú níbi tí àpá wà. Mo wo ojú rẹ̀, kò ṣẹ́jú. Kí n tó gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀, ìtọ̀ ti ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sínú sálúbàtà. Mo fà á mọ́ra, mo ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù kìkìkì. "Ọkọ mi, kí ló dé? Kí lo rí?" Ó ní, "Màmá, n ò mọ̀." Òótọ́ ló sọ. Kò mọ̀.

Oṣù méje ṣáájú ọjọ́ yẹn ló já bọ́ lórí igi gúáfà, tí egungun apá òsì rẹ̀ méjèèjì kán. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, torí ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe. Mo wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀ ló ròyìn fún mi. Wọ́n ní kí ìyá dúró síta. Ọmọ náà na ọwọ́ tó kù sí i, ilẹ̀kùn sì padé. Ìyá ń gbọ́ ọ lọ́hùn-ún, ó ń pe òun, ó ń pe èmi náà. Àgbàlagbà mẹ́ta ló dì í mú kí wọ́n tó lè gún un ní ketamine, oògùn oorun, ní itan. Bí wọ́n ṣe gún un tán ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti trọ́lì rẹ̀ lọ sí yàrá inú, kí àkókò má baà ṣòfò. Ẹsẹ̀ trọ́lì náà ń ké, ọmọ náà sì ń ké lórí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ pé òun gbọ́ igbe méjèèjì títí tí igbe kan fi dákẹ́.

Wọ́n to egungun náà, wọ́n fi irin há a. Iṣẹ́ tó dára ni. Apá náà tọ́ lónìí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn. Nígbà tó jí, wọ́n bi í léèrè. Ó ní àwọn kan di òun mú, ó tán. Kò mọ̀ pé wọ́n ti òun lọ síbì kankan. Inú gbogbo wa dùn pé oògùn ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá bi í lónìí, ìtàn igi gúáfà ni yóò sọ fún yín, lẹ́yìn náà yóò sọ ti ìrẹsì àti ẹran adìyẹ tí ìyá rẹ̀ gbé wá sí wọ́ọ̀dù. Ti trọ́lì kò sí lẹ́nu rẹ̀ rárá. Etí rẹ̀ ló wà.

Mo ní láti jẹ́wọ́ kí n tó tẹ̀ síwájú. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ti di ọmọ mú lórí tábìlì tíátà, n kò lè ka iye wọn. Mo ti tẹ orúnkún ọmọ ọdún mẹ́rin mọ́lẹ̀ kí dókítà lè rí iṣan. Mo ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá tó ń sunkún. N kò ṣe é pẹ̀lú ìkà. Aláìsàn márùn-ún ló ń dúró, mo sì gbà pé oògùn yóò nu gbogbo rẹ̀ kúrò bí ẹni nu pátákó kíláàsì. Ìgbà tí mo rí ìtọ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ-ọmọ mi ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí oògùn náà ń nù àti ohun tí kì í nù. Àbúrò ìyá rẹ̀ tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ló ń bá mi wá àwọn ìwádìí náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èmi ń kà á lálẹ́ pẹ̀lú awò ojú mi.

Ẹ mọ púpọ̀ nínú èyí jù mí lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá yóò ka lẹ́tà yìí pẹ̀lú yín, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi.

Ní 1911, dókítà kan ní ìlú Geneva, Édouard Claparède, kọ̀wé nípa obìnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ kì í lè di nǹkan tuntun mú mọ́. Bó bá kí dókítà tán, tí dókítà jáde tó tún wọlé, yóò tún kí i bí ẹni tí kò rí i rí. Lọ́jọ́ kan, dókítà yìí fi abẹ́rẹ́ pamọ́ sí àárín ìka rẹ̀, ó bọ obìnrin náà lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ sì gún un. Kò pẹ́ tó fi gbàgbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà tún na ọwọ́ sí i, ó fa tirẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n bi í pé kí ló dé. Kò lè sọ pé "o gún mi lánàá." Ohun tó rí sọ ni pé èèyàn a máa fi abẹ́rẹ́ pamọ́ sọ́wọ́ nígbà míì.

Àwọn bàbá wa ti sọ pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Wọn kò sọ pé ẹni náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rántí ọjọ́ tí ejò bù ú jẹ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọpọlọ kì í kó gbogbo ìrántí sí àpò kan. Apá kan wà tí wọ́n ń pè ní hippocampus. Òun ló ń so ìtàn pọ̀: ibi tí a wà, ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e. Níwájú rẹ̀ gan-an ni apá mìíràn wà tí kò ju kóró èso kékeré lọ, tí wọ́n ń pè ní amygdala. Èyí kò mọ ìtàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó so ohun tó dùn wá mọ́ ohun tí a gbọ́ tàbí tí a rí kó tó dùn wá, kí ara lè múra sílẹ̀ nígbà míì. Ní 1995, Antoine Bechara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn kedere. Wọ́n ń fi àwọ̀ han àwọn tí ọpọlọ wọn ti bàjẹ́ níbì kan, wọ́n sì ń fọn fèrè tó ń dẹ́rù bani tẹ̀ lé àwọ̀ kan nínú wọn. Ẹni tí hippocampus rẹ̀ bàjẹ́ kò lè sọ àwọ̀ tó ń mú fèrè wá, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń làágùn bí àwọ̀ náà bá ti yọ. Ẹni tí amygdala rẹ̀ bàjẹ́ mọ àwọ̀ náà dáadáa, ó ń dárúkọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì gbẹ táútáú.

Bí a bá wá bi ọmọ kan pé "Ṣé o rántí?", ẹni ìtàn nìkan la bi. Ẹni kejì kò lẹ́nu.

Ní ti oògùn oorun fúnra rẹ̀, ìwádìí tó mú mi dìde lórí àga ni èyí tí Robert Dutton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Califọ́níà tẹ̀ jáde ní 2001. Wọ́n fi eku sínú àpótí, wọ́n lu ohùn kan fún un, iná mànàmáná sì ta á lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, eku tó bá ti kọ́ ẹ̀rù yóò dúró gbagidi láìmira bó bá gbọ́ ohùn náà, tàbí bí wọ́n bá dá a padà sínú àpótí yẹn. Eku kì í ròyìn. Dídúró gbagidi yẹn ni ẹ̀rí tí a ní. (Ẹ̀yin náà ti rí ẹni tí mo rántí nígbà tí mo kà á.) Wọ́n wá ń fún àwọn eku náà ní isoflurane, gáàsì oorun, díẹ̀díẹ̀, kò tó èyí tí yóò mú wọn sùn, wọ́n ń wò ó bóyá wọn yóò ṣì kọ́ ẹ̀rù. Gáàsì tó pọ̀ díẹ̀ báyìí ti pa ẹ̀rù àpótí, ìyẹn ẹ̀rù ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè pa ẹ̀rù ohùn, ó gbà wọ́n ní ohun tó súnmọ́ ìlọ́po méjì rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn kà. Bí oògùn ṣe ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, ìtàn ibi tí a wà ló kọ́kọ́ ń parẹ́. Ẹ̀rù ohun tí a ń gbọ́ ṣì ń wọlé fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ẹ sì mọ̀ pé ketamine tí a bá gún sínú ẹran ara máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 sí 5 kó tó gbé èèyàn lọ. Nínú ìṣẹ́jú yẹn ni wọ́n ti ọmọ mi lọ pẹ̀lú trọ́lì tó ń ké. Mo mọ̀ pé gáàsì ni wọ́n fún eku, ketamine sì ni ti ọmọ mi. Ọ̀nà tí méjèèjì ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀. Síbẹ̀, ojú ọ̀nà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tọ́ka sí, n kò sì lè mú ojú kúrò níbẹ̀.

Èkejì tún wà, òun ló dùn mí jù. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 2002, ẹgbẹ́ kan náà fi hàn pé isoflurane tí wọ́n fún eku lẹ́yìn tí ó ti kọ́ ẹ̀rù tán kò nu ẹ̀rù náà kúrò. Oògùn náà ń dí ọ̀nà iwájú, kì í padà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni midazolam, oògùn tó ń mú ara balẹ̀ tó sì ń múni gbàgbé, tí gbogbo wa fẹ́ràn. Ẹni tó bá wà lára rẹ̀ lè la ojú, kó dá wa lóhùn, kó gbé apá sókè bí a bá ní kó gbé e, kó sì sọ lọ́jọ́ kejì pé òun sùn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí abẹ́rẹ́ náà tó wọlé, ó wà níbi tó wà. Bí a bá fi ipá mú ọmọ ká tó gún un, ipá yẹn kò sí lábẹ́ oògùn. Ó ti wọlé tẹ́lẹ̀.

Kì í sì í wọlé pẹ̀lẹ́. Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, ara rẹ̀ yóò tú adrenaline sílẹ̀, ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ nígbà náà, ọpọlọ a fi ọ̀bẹ kọ ọ́. Ní 1994, Larry Cahill àti James McGaugh sọ ìtàn kan fún àwọn èèyàn, tí àárín rẹ̀ bani lẹ́rù. Àwọn tí wọn kò fún ní nǹkan kan rántí àárín yẹn ju gbogbo ìyókù lọ. Àwọn tí wọ́n fún ní propranolol, oògùn tí ń dá adrenaline dúró, rántí rẹ̀ bí wọ́n ṣe rántí ìyókù ni. Nítorí náà, bí a bá dẹ́rù ba ọmọ kan dé góńgó ká tó fún un ní oògùn ìgbàgbé, àwa fúnra wa la pọn ọ̀bẹ tí ọpọlọ rẹ̀ fi kọ ọ́.

N kò bá ketamine jà o. Láti 1962 tí Calvin Stevens ti ṣe é ní Amẹ́ríkà, mélòó ni ẹ̀mí tó ti gbà là ní ilẹ̀ wa, níbi tí kò sí ẹ̀rọ, tí kò sí gáàsì, tí iná kò sí? Kì í dá èémí dúró bí àwọn yòókù, ó sì ń pa ìrora gidi. Ó tilẹ̀ ń dí ilẹ̀kùn NMDA tí ọpọlọ ń gbà kọ́ nǹkan tuntun. Ní 1990, wọ́n fi hàn pé bí wọ́n bá dí ilẹ̀kùn yẹn nínú amygdala eku, kì í kọ́ ẹ̀rù. Oògùn rere ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ti rí ẹni tó ń jí nínú rẹ̀ tó ń pariwo pé òun ń já bọ́ sínú kànga. Ẹni tó sùn nínú ìpayà, inú ìpayà ni ó sábà ń gbà jí. Àwọn ọ̀gá mi àtijọ́ mọ èyí láìka ìwé kankan.

Ní ti propofol, oògùn funfun bíi mílíìkì yẹn, ìwádìí lórí rẹ̀ kò lọ síbì kan náà. Ní 2011, wọ́n rí i pé eku tí wọ́n fún ní propofol kété lẹ́yìn tí ẹ̀rù bà á rántí ẹ̀rù náà ju eku tí wọn kò fún lọ. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Spéènì sọ ìtàn kan tó bani lẹ́rù fún àwọn èèyàn, wọ́n rán wọn létí rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà kí wọ́n tó fi propofol mú wọn sùn. Lọ́jọ́ kejì, apá tó bani lẹ́rù nínú ìtàn náà ti rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kàn wọn. Inú mi dùn sí ti Spéènì yẹn, ó lè di ìwòsàn fún ẹnìkan lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n èyí tó ń mú ìrántí le wà níbẹ̀, èyí tó ń dẹ̀ ẹ́ náà wà níbẹ̀, ó kù sí ìgbà tí a bá fún ni. Ohun tó rí báyìí, ẹ jẹ́ ká má fi ṣe ẹ̀rí fún ìyá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà náà wà níbẹ̀, n ó sọ ọ́ ní ṣókí. Ní 2014, àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland kó ìròyìn jọ nípa àwọn tó ta jí lábẹ́ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n sì rántí. Iye rẹ̀ jẹ́ ẹnì kan nínú nǹkan bí 19,000. Ṣùgbọ́n fún àwọn aboyún tí wọ́n kùn lóorun pátápátá láti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí wọn, ó jẹ́ ẹnì kan nínú nǹkan bí 670. Ohun tí mo mú nínú ìròyìn náà ni pé àwọn tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn lákòókò yẹn, tí ẹnìkan ti ṣàlàyé fún, kò fara gbọgbẹ́ tó àwọn tí kò mọ̀, tí wọ́n rò pé ikú ló dé. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló dín ọgbẹ́ wọn kù.

Nígbà náà, ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń sọ lórí aláìsàn. Aboyún tí ẹ fún ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kò sùn rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kú. Mo ti wà níbẹ̀ tí dókítà kan sọ lójú aboyún pé, "Ẹ̀jẹ̀ yìí ti pọ̀ jù, ó ń lọ o." Kò lọ, ó bí ọmọ rẹ̀, ó sì lọ sílé pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn bọ́. N kò gbàgbé ojú náà láti ọdún yẹn títí dòní, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni wọ́n là.

Kí wá ni mo ń bẹ̀ yín fún?

Ẹ jẹ́ kí ìyá wọlé. Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ, torí èmi náà sọ ọ́: ìyá yóò dákú, yóò fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ, yóò kó ẹ̀rù tirẹ̀ ran ọmọ. Òótọ́ ni ti ẹ̀rù. Ìyá tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n kò lè mú ọmọ rẹ̀ fọkàn balẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣàlàyé fún un lójú ọ̀nà. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ jẹ́ kí bàbá wọlé, tàbí ìyá àgbà. Nínú gbogbo mọ̀lẹ́bí, ẹnìkan yóò wà tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ẹ sì rántí ibi tí a wà. Ní agbègbè yìí gan-an, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ni Dókítà David Morley ti Wesley Guild Hospital nílùú Iléṣà wa ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lórí káàdì ìdàgbàsókè ọmọ láti ìparí àwọn ọdún 1950. Ó fi káàdì náà sọ́wọ́ àwọn ìyá, pé kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ sílé. Àwọn ìyá Ìjẹ̀ṣà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ìwé kà tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ń mú un wá. Àwọn ìyá tí a lè fi ìwé ọmọ lé lọ́wọ́ nígbà yẹn, ọmọ-ọmọ wọn ni àwọn tí à ń lé síta lónìí.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ fún ọmọ ní midazolam lẹ́nu, kó mu ún pẹ̀lú nǹkan dídùn, ní ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ẹ tó mú un wọlé. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ná. Bí kò bá sí, sùúrù wà, sùúrù kò ní owó lórí. Mo ti rí nọ́ọ̀sì kan ní ayé mi, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, tó máa ń fi gíláàfù ṣe bàlúùnù, tó ń ní kí ọmọ bá òun fẹ́ ẹ. Kí ọmọ náà tó mọ̀, máàsìkì ti wà lójú rẹ̀, ó ṣì ń fẹ́ bàlúùnù. Kò dá iṣẹ́ dúró ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Àwa yòókù ń pè é ní aláfara. Mo bẹ̀ ẹ́ lónìí kó foríjì mí.

Bí ẹ bá sì ti gún ọmọ ní ketamine, ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ dákẹ́. Ẹ má tì í káàkiri. Ẹ má ju àwo irin sórí irin. Ẹ dá rédíò dúró. Kí ó jẹ́ ohùn ẹnìkan tó mọ̀ ni yóò gbọ́ kẹ́yìn. Ẹ ra gírísì sí ẹsẹ̀ trọ́lì yín. N kò rò pé oògùn kankan wà ní tíátà tí owó rẹ̀ kéré tó ti gírísì.

Lẹ́yìn tí ó bá jí, ẹ má bi í pé "Ṣé o rántí?" kí ẹ sì kọjá lọ. Láti 1970 ni ìbéèrè tí ọ̀gbẹ́ni Brice àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ti wà. Kí lo rántí kẹ́yìn kó o tó sùn? Kí lo kọ́kọ́ rántí nígbà tó o jí? Ǹjẹ́ o rántí ohunkóhun láàárín méjèèjì? Ṣé o lálàá? Kí ló burú jù nínú rẹ̀? A lè bi èèyàn ní Yorùbá láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ẹ tún bi í lọ́jọ́ kejì, torí ohun tí kò sí lẹ́nu lónìí lè dé lọ́la. Kí ẹ sì sọ fún ìyá pé bí ọmọ bá ń tọ̀ sílé lẹ́yìn ìgbà tó ti fi í sílẹ̀, bó bá ń ta jí lóru, bó bá kọ̀ láti sùn ní òun nìkan, kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́, kì í sì í ṣe àwọn ayé. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń lu ọmọ lé e lórí.

Ní ti ọmọ mi, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Mo bá ọkùnrin ọmọlanke náà sọ̀rọ̀. Ó dùn ún, ó ní òun náà bímọ. Gbogbo Sátidé ló ń yà sọ́dọ̀ wa. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀ọ́kán ni ọmọ náà ń dúró sí, ó di ìró mi mú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó fọwọ́ kan igi rẹ̀. Sátidé tó kọjá, ó bá wọn tì í dé iwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ké. Èmi ni mo ní kí wọ́n má tíì fi gírísì sí i. Ṣùgbọ́n mo ti kà á pé ẹ̀rù tí a bá wò báyìí kì í kú. Ẹ̀kọ́ tuntun ló máa ń gorí ti àtijọ́, bí a bá sì gbé ẹni náà lọ síbòmíràn, ti àtijọ́ lè dìde. Ojúde ilé wa ni ọmọ mi ti kọ́ pé ọmọlanke kì í ṣe nǹkan kan. Kò tíì kọ́ ọ ní tíátà.

Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ yọ irin tó wà lápá rẹ̀. N kò tíì mọ ẹni nínú yín tí yóò wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí gbogbo yín. A ó dé ní aago méje àárọ̀. Yóò gbé táyà rẹ̀ dání, torí mo ti ṣèlérí fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sórí trọ́lì. Apá ni wọ́n fẹ́ ṣe, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, kí n di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tíátà tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkèsà, Iléṣà.